Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Mo Fi Oṣù Mẹ́rin Yàn

Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní pálọ̀ wa, ẹ ó yìn mí. Ó gùn ju tábìlì ìjẹun lọ, kì í há bébà, kì í da yíǹkì sílẹ̀. Èmi ni mo yàn án. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi yàn án, inú sì ń bí mi sí ara mi títí di báyìí.

Bàbá wa fi ogójì ọdún ya àwòrán ilé fún àwọn oníbàárà. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló tó ya tiwa, èyí tí àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ tó rà. Orí kọ̀ǹpútà ló yà á sí, ṣùgbọ́n kò gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ nípa àtẹ̀gùn, òun gbọ́dọ̀ rí i gbàgàdà lórí bébà kí òun tó buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Dókítà ojú sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bóyá ló máa ríran di ìparí ọdún.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan wà níwájú ilé wa gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọn ì bá fi tẹ̀ ẹ́. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Nígbà kan rí, ó fi àwòrán sílẹ̀ ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Kí oníbàárà rẹ̀ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹlòmíràn ti kọ́ ilé náà sí àdúgbò kejì, tilẹ̀kùn tifèrèsé. Láti ìgbà náà, àwòrán rẹ̀ kì í jáde nílé.

"Ẹ ra pirinta sílé," ó ní. "Bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa lò ó, ilé wa ló máa wà."

Èmi ni wọ́n gbé e fún, nítorí iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ aṣọ wò ní ilé iṣẹ́, kí n máa dá èyí tó ní àléébù padà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo rí, wọ́n ní yíǹkì rẹ̀ máa ń gbẹ bí èèyàn kò bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo dá a nù. Ìkejì ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìkẹta dára, ṣùgbọ́n mo ka ohun tí obìnrin kan kọ nípa rẹ̀, pé ó fa bébà òun ya lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ti mọ ohùn mi lórí fóònù débi pé ó máa ń mí kanlẹ̀ kó tó dá mi lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," àbúrò mi ní. "Ṣé ẹ̀rọ lẹ fẹ́ rà ni, àbí ọkọ lẹ fẹ́ fẹ́?"

"Bí mo bá ra jákujàku, ìwọ náà lo máa kọ́kọ́ bú mi."

Bàbá kò bú mi ní tirẹ̀. Ó kàn ń sún àga rẹ̀ mọ́ fèrèsé díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tó yá, kò béèrè ìgbà tí ẹ̀rọ máa dé mọ́. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ má dá mi láre.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé, ìgbà àkọ́kọ́ tá a tẹ àwòrán náà ló jáde, ìlà rẹ̀ mú ṣáṣá. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà. Ó fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ni?"

Àbúrò mi dìde, ó bọ́ síta.

"Ó ti wà lórí ẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Fìka tẹ̀lé àtẹ̀gùn yẹn fún mi, kó o sọ ohun tó o rí."

Mo fìka tẹ̀lé e dé òkè, ibẹ̀ ni mo ti rí i: ilẹ̀kùn yàrá òkè ṣí sórí àtẹ̀gùn gan-an, kò sí ibi tí ẹni tó bá ń jáde máa fẹsẹ̀ lé. Mo sọ fún un.

"Mo mọ̀! Mo ní nǹkan kan wà níbẹ̀!" Inú rẹ̀ dùn bíi tọmọdé. Ó ní kí n fún òun ní rúlà àti pẹ́ńsùlù. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibẹ̀, ó ní kí n fi ọwọ́ òun sílẹ̀ jàre, òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Mo fi í sílẹ̀. Ó sún rúlà síbí, ó sún un sọ́hùn-ún, ó fa ìlà kan tó tọ́ gbọnrangandan. Ìlà náà la ilé ìdáná kọjá, ó jáde sórí tábìlì.

"Ṣé ó bọ́ síbẹ̀?"

"Ó bọ́ síbẹ̀, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ibi tí òun máa buwọ́ lù han òun.