Irin Ọrùn Alùpùpù

Ìlà náà kò nípọn ju fọ́nrán irun lọ. Obìnrin tó ya àwòrán alùpùpù náà fi ìka tọ̀ ọ́ lábẹ́ ọrùn férémù, ìyẹn egungun alùpùpù, níbi tí irin àárín ti pàdé ọwọ́ ìdarí. Ẹ̀rọ tó ti ń gbọn férémù náà láti àná láti fi dán an wò ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni. Irin ti sán.

Ó sáré jáde.

"Àbúrò mi ńkọ́?"

"Ó ti lọ," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Ó ní òun á gba ọ̀nà òkè, òun á tẹ̀ ẹ́ dópin."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló máa ń kọ́kọ́ gun gbogbo alùpùpù tí obìnrin náà bá yà. Èyí tó gùn lọ yìí, férémù rẹ̀ ni ìbejì èyí tó sán. Ọwọ́ kan náà ló jó irin wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti mọ́tò kékeré. Tó bá bú ramúramù, gbogbo fèrèsé á gbọ̀n.

Ó pè é. Fóònù dún nínú ẹ̀wù tí àbúrò rẹ̀ fi kọ́ sára ìlẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò lé e."

"Mọ́tò wo ló máa lé e bá?" ọ̀gá béèrè jẹ́jẹ́.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yín yìí wúwo, àfi bí ẹni gun erin." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì dín irin ọrùn náà kù kó lè fúyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣírò ó. Ìṣirò gbà á. Irin ni kò gbà á.

Ó dúró lẹ́nu géètì. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bí nǹkan bá dún lọ́nà, àyà rẹ̀ a já. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, a tún já.

Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan kó tó gbọ́ ìró alùpùpù náà. Àbúrò rẹ̀ wọlé, ó ṣí akoto, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe é. Ó ń fò ni."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó fi apá ẹ̀wù nu eruku abẹ́ ọrùn alùpùpù náà. Èékánná rẹ̀ wọnú ibi tó ti là.

"Kí lẹ ń wò?"

Ó gbójú sókè wo ojú tí eruku bò náà. Kò mọ ohun tó dá a padà wá láàyè. Ó kàn mọ̀ pé kì í ṣe òun.