Ẹ̀gúsí Tí Mo Kọ Ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù

Lẹ́tà olóòtú dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, ijó ni mo sì jó jáde nínú yàrá mi. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwòsàn ìjọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Aramọkọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fún ni lábẹ́rẹ́, dókítà ń ṣiṣẹ́ abẹ, èmi Bọ́látitó tí mo lo ọdún mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù ń fún aláìsàn ní ẹ̀gúsí bó. Kí ni ẹ rò pé wọ́n máa pè mí? Sístà Ẹlẹ́gùúsí.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Bí rọpárọsẹ̀ bá mú ènìyàn lápá kan, tàbí tí àdá bá gé iṣan ọwọ́ rẹ̀, oògùn nìkan kò lè mú un padà sí bó ṣe wà. Iṣẹ́ ni a ó máa fún ọwọ́ náà ṣe, díẹ̀díẹ̀, títí ẹni náà yóò fi tún lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì so okùn ṣòkòtò rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gúsí ni mo yàn nítorí pé kò sí ilé tí kò sí, ó sì ń fẹ́ ìka. Aláìsàn mọ́kànlá ni mo fún ní ẹ̀gúsí gbé lọ sílé. Lọ́jọ́ ọjà, ará ilé wọn á gbé èyí tí wọ́n ti bó wá, èmi á fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń wọn ẹ̀gúsí. Iye agolo ń gòkè, inú mi ń dùn.

Dókítà wa kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ lójú mi pé bí ọdún bá parí, yàrá mi yóò di ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí, àfi bí mo bá lè fi han ìgbìmọ̀ ìjọ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí lókè òkun ka tèmi sí iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwádìí mi ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà àwa oníṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Olóòtú wá kọ̀wé pé òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ohun méjì péré ló kù: kí n fi ẹ̀rọ tún un tẹ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí àyè fífẹ̀ wà láàrin ìlà kan sí èkejì, kí n sì ya fọ́tò ọwọ́ aláìsàn tó ṣe dáadáa jù lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó ṣe dáadáa jù kò nílò àròjinlẹ̀. Bàbá Jacob ni, àgbẹ̀ oníkòkó kan ní Ìjúrìn. Ìlàjì agolo ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ti dé agolo mẹ́jọ láàrin ọjà méjì. Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo wọ lọ́rì lọ sí Ìjúrìn láìránṣẹ́ ṣáájú.

Bàbá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ agbádá fún un, ó mọ́ tónítóní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, Rachael ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́rin yí igbá ká, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí bí ẹni pé wọ́n ń lé wọn bọ̀. Mo kí wọn. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n bó ẹyọ kan kí n wò. Wọ́n wo Rachael, Rachael wo ilẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, ó gan bí ó ṣe gan lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo fi ẹ̀gúsí kan sí àárín ìka wọn, ó bọ́ sílẹ̀.

“Rachael, ta ló ń bó ẹ̀gúsí yìí láti oṣù mẹ́fà?”

“Àwa ni o, Sístà.” Kò tilẹ̀ tijú. “Kí a jókòó sí ulé kí Bàbá máa ṣe uṣẹ́? Lójú àwọn ọmọ wọn? Ará àdúgbò á ní mo sọ bàbá ọkọ mi di ìwọ̀fà. A ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹyọ kan.”

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Bí kì í bá ṣe pé àgbàlagbà wà níbẹ̀, ǹ bá ti da igbá yẹn nù. Mo yíjú sí Bàbá, mo ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Ẹ ò sọ fún mi.”

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, wọn ò sì wò mí lójú, “gbogbo ọjọ́ tí Rachael bá ti ọ̀dọ̀ rẹ dé, ohun tó ń sọ fún mi ni pé inú rẹ dùn nígbà tí o rí agolo. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́.”

Mo gbé kámẹ́rà mi, mo padà sí Aramọkọ, ojú sì ń tì mí. Ṣé a lè bí mi ní Èkìtì kí n má mọ̀ pé ọmọ kì í jókòó kí bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn máa ṣiṣẹ́? Mo mọ̀ ọ́n dájú. Nílé tiwa gan-an, bí màmá mi bá gbé ìgbálẹ̀ níwájú mi, gbígbà ni mo ń gbà á. Ìwé òyìnbó ni mo gbé lé orí tí mo gbàgbé.

Pius akọ̀wé ilé ìwòsàn ti ki ìwé mẹ́ta bọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pẹ̀lú bébà kábọ̀n láàrin wọn nígbà tí mo wọlé. Mo sọ ohun tí ojú mi rí fún un. Kò dá ìwé títẹ̀ dúró.

“Sístà, ta ló máa ti Lọ́ńdọ̀nù wá wo ìka Bàbá Jacob ní Ìjúrìn? Ẹ ya ọwọ́ tèmi. Ọwọ́ dúdú ni gbogbo ọwọ́ dúdú lójú wọn.” Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, ó mú pẹ́ńsùlù kan dání láàrin ìka méjì.

Mo wo ọwọ́ Pius. Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín, mo wò ó pẹ́. Bí mo bá ya á, wọ́n á tẹ ìwé mi, ìgbìmọ̀ á fi yàrá mi sílẹ̀ fún mi, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun tó dá mi dúró kì í ṣe ìwà mímọ́. Mo ṣáà ń ronú nípa ẹlòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi níbòmíràn, tó máa ka ìwé náà, tó máa pín ẹ̀gúsí káàkiri, tí bàbá kan á sì jókòó tòun ti ọwọ́ gígan níbẹ̀ tí gbogbo wọn á máa yọ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Mo ní, “Pius, yọ ìwé yẹn kúrò lórí ẹ̀rọ.” Ó pòṣé, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá gbogbo mọ́kànlá nílé wọn, láti Ìjerò títí dé Ìkògòsì. Ẹ̀gúsí mẹ́wàá ni mo ń kà síwájú olúkúlùkù, màá sì wo aago ọwọ́ mi. Mi ò jẹ́ kí ará ilé kankan sún mọ́ ibẹ̀. Ilé méje, bákan náà: ìyàwó ló bó o, ọmọ ló bó o, àbúrò ló bó o, ọwọ́ kò sì kúrò níbi tó wà. Ṣe ni mò ń fi ìlà pupa fagi lé orúkọ wọn nínú ìwé mi, ọkàn mi ń rẹ̀wẹ̀sì.

Yèyé Àbẹ̀ní ní Ẹ̀fọ̀n ni mo fi ṣe ìkẹyìn nítorí pé agolo tirẹ̀ ló kéré jù nínú àtẹ tí mò ń kọ iye sí. Agolo méjì kò pé fún un rí. Opó ni, òun nìkan ló ń gbélé, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì àti Èkó. Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ń so ìró rẹ̀ bọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì so ó, ó sì fi ọwọ́ tí àrùn ti mú ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

“Yèyé, ta ló ń bá yín bó ẹ̀gúsí?”

“Ta ni ì bá bá mi bó o? Ògiri?” Inú bí i sí mi. “O kó uṣẹ́ fún èmi tí mi ò lẹ́nìkan, o tún wá ń bi mí léèrè!”

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà mo bú sẹ́rìn-ín. Yèyé rò pé orí mi ti dàrú, ó bu omi fún mi. Ọwọ́ tí àrùn mú yẹn ló fi bù ú, kò sì da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn mẹ́rin tí kò lẹ́ni tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nìkan ni ọwọ́ wọn ti ń padà bọ̀ sípò. Àwọn ló wà nísàlẹ̀ àtẹ mi pátápátá. Mo tún ìwé náà kọ láti ìlà kìn-ín-ní. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kì í ṣe òótọ́, mo sọ bí mo ṣe ṣe àṣìṣe, àti pé ìfẹ́ ni àwọn ará ilé fi di aláìsàn lọ́wọ́ mú. Pius tẹ ẹ̀dà mẹ́ta mìíràn, ó ń kùn títí ó fi parí.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo gbé ẹ̀dà kan lọ fún Dókítà, kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ta ló ní kó o lọ káàkiri ilé wọn?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ, sà.”

Ó gbé awò náà lé orí ìwé mi. “Èmi náà ń fún wọn ní oògùn gbé lọ sílé. Ta ni mo rí tó gbé e mì?” Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun yóò bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fọwọ́ kan yàrá mi títí di ọdún Àjíǹde.

Lẹ́tà olóòtú kejì dé nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́fà. Wọn yóò tẹ èyí. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù: kí ni mo fẹ́ ṣe fún àwọn méje yòókù?

Mo padà sí Ìjúrìn. Mi ò gbé ẹ̀gúsí dání. Rachael ni mo pè sẹ́yìn ilé, mo bi í pé, “Nínú ilé yìí, kí ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà mọ́ Bàbá lọ́wọ́ ṣe?”

Ó rò ó. “Obì ni. Bí a bá gbàdúrà òwúrọ̀ tán, Bàbá ló ń pa obì, tó ń pín in kárí. Láti ìgbà tí ọwọ́ ti dá wọn dúró, a ò jẹ obì mọ́ nínú ulé yìí. Ta ni yóò pa á lójú wọn?”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé obì síwájú Bàbá láràárọ̀. Rachael ránṣẹ́ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi tì í. Pé ó bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Kejì, mo lọ sùn nílé wọn kí n lè bá wọn gbàdúrà òwúrọ̀.

A ṣe Àmín tán. Bàbá mú obì àbàtà kan nínú àwo, wọ́n sì fi ìka ọ̀tún wá ojú ibi tó ti máa là. Ó pẹ́. Ọmọ tó kéré jù yán. Òógùn ń ṣàn lójú Bàbá, mo sì rí Rachael tó ká ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, tó jókòó lé wọn, tí omi ń jáde lójú rẹ̀. Obì là. Bàbá yọ awẹ́ kan, wọ́n nà án sí mi, wọ́n sì wò mí lójú.

Wọ́n ní, “Sístà, kọ èyí sínú ìwé rẹ. Èmi ni mo ṣe é.”