Agboòrùn Lójú Títì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àlọ wa, tó sì ń ṣọ́ àbọ̀ wa. Bí kì í bá ṣe àánú rẹ̀, títì ìbá ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wa mì. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí.

"Ta ló fún ọ ní agboòrùn yẹn?"

Awakọ̀ búrẹ́dì ló ń bi ìyàwó rẹ̀ léèrè, ìfófòó ọṣẹ ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó náà ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó fi ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé ẹ̀kọ́, níbi tó ti ń dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọ lè sọdá.

"Ọlọ́kọ̀ funfun kan ni. Ó ní oòrùn ń pa mí."

"Oòrùn ń pa ọ́! Ṣé èmi ò mọ̀ ni?"

"Ẹ mọ̀. Ẹ ò ṣáà ra agboòrùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé pátákó pupa rẹ̀ há abíyá, ó jáde lọ.

Ní ilé búrẹ́dì, ẹni tó ń bá a kó ẹrù sínú ọkọ̀ tún fi ata sí ojú egbò. "Ọ̀gá, mo rí ìyàwó yín lánàá. Gbogbo awakọ̀ ló ń kí i! 'Dúró-ná' ni wọ́n ń pè é. Obìnrin gbé ọwọ́ kan ṣoṣo sókè, ọkùnrin bíi ogún tẹ búrèkì! Ẹ̀yin tí ẹ ń bá a gbélé, ṣé ẹ máa ń rímú mí?"

"Gbé búrẹ́dì, jọ̀ọ́."

Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ọkùnrin náà fẹ́ kọ orin ìyìn bó ti máa ń ṣe nídìí ọkọ̀, orin kò jáde. Ta ni ọlọ́kọ̀ funfun yìí? Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń jáde, ó pa ọ̀nà ibi tí wọ́n rán an tì, ó yà sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Láti òkèèrè ló ti rí i: ọkọ̀ funfun dúró gbagidi sójú títì, orí agboòrùn sì ń yọ níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ti wà lórí ọ̀rọ̀ nìyẹn!"

Ojú ọkùnrin náà ló fẹ́ rí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹná mọ́ ọkọ̀, ó ń kọjá, ó sì kọ ojú sí fèrèsé ọkọ̀ funfun. Bàbá arúgbó ló rí, orí funfun, eyín iwájú ti ká. Bàbá náà ń ju ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo.

Ó yíjú síwájú. Pátákó pupa. Àwọn ọmọ, ọwọ́ nínú ọwọ́.

Ó tẹ búrèkì mọ́lẹ̀. Búrẹ́dì ya lulẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tó lajú, àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀ wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà kan kò ní bàtà.

Ìyàwó náà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Awakọ̀, ẹ sún sẹ́yìn."

Ó sún sẹ́yìn. Obìnrin náà mú bàtà náà níbi tí táyà ti tẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà.

"Mà, ṣé kò rí mi ni?"

"Kò rí ọ."

"Kí ló wá ń wò?"

Ó dìde, ó fà á lọ́wọ́, ó mú un sọdá.

Nírọ̀lẹ́, ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Mo rò pé ọlọ́kọ̀ funfun yẹn dúró bá ọ sọ̀rọ̀ ni."

"Ọkọ̀ tó bá dúró níbẹ̀, ọmọ ló ń sọdá níwájú rẹ̀. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì kọjá."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ búrẹ́dì sílẹ̀ lókèèrè, ó fẹsẹ̀ rìn wá, ó tò sáàárín àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin àná wò ó títí, kò dá a mọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ má tíì lọ o. Ó di ìgbà tí Dúró-ná bá ní ká máa bọ̀."

Pátákó pupa gòkè. Ọkọ̀ funfun dúró. Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà bóyá ẹlòmíì ń bọ̀, kó tó ṣẹ́wọ́ sí wọn. Nígbà tí ọkùnrin náà dé iwájú fèrèsé, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú àná, bàbá. Ẹ ṣeun fún agboòrùn."

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, Olúwa kò ní jẹ́ kí ohun tí ọkàn yín ń lé bo ẹni tó wà níwájú yín mọ́ yín lójú. Àwọn ọmọ yín á lọ, wọ́n á bọ̀, bàtà wọn á pé lẹ́sẹ̀ wọn. Àmín.