Àyè Tí Télọ̀ Fi Sílẹ̀

Ọ́ìlì tó wà lórí géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ti dúdú, ó sì ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìyá Sípánà tún gbé e sún mọ́ imú, kó má baà jẹ́ pé ìkánjú ló ń tàn án jẹ. Kì í ṣe ìkánjú. Jíàbọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jóná.

Mẹkáníìkì ni obìnrin yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ télọ̀, ló sọ ọ́ ní Ìyá Sípánà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, lọ́jọ́ tó rí i tó fi aṣọ pọ̀n sípánà bàbá wọn sẹ́yìn bí ọmọ tuntun. Bàbá ti lọ, sípánà ṣì wà, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀.

Ọkọ̀ télọ̀ yìí, ọtomátíìkì ni; òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà. Nígbà tí jíàbọ́ọ̀sì tó bá a wáyé kú, Ìyá Sípánà wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù kó tó rí ẹyọ kan tó lè gbà á. Ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ níbẹ̀, àwọn tó ń tà á sì sọ fún un pé kó má wulẹ̀ padà wá.

Ẹ́ńjìnnì àti jíàbọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Wáyà kan ló ń bá wọn ṣe alárinà. Ó ti ara kábúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo lọ sínú ikùn jíàbọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa ròyìn bí awakọ̀ ṣe tẹ tọ́tù, pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, tó. Bí wáyà bá nà bó ṣe yẹ, jíàbọ́ọ̀sì á mọ̀ pé ẹrù wúwo, á fi gbogbo agbára di jíà mú. Bí ó bá dẹ̀, jíàbọ́ọ̀sì á rò pé eré ni wọ́n ń ṣe, á fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Jíà á máa yọ̀. Ohun tó bá sì ń yọ̀ bẹ́ẹ̀, jíjó ló ń jó.

Iṣẹ́ pàtàkì kan ni ọkọ̀ náà ń ṣe. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni télọ̀ ń fi gbé Màámi, ìyá wọn, lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màámi tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Ojú Màámi ti fọ́ pátápátá. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kò gbé e mọ́. Bọ́ọ̀sì kì í gun òkè yẹn. Bí jíàbọ́ọ̀sì yìí bá kú, àwọn àgbàlagbà méjèèjì kò ní lè fọwọ́ kan ara wọn mọ́ títí ọ̀kan á fi lọ.

Ìyá Sípánà tún tẹrí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà náà ti dẹ̀ tó fi ń mì bí okùn tí wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá wí. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé irin pẹlẹbẹ tó di wáyà mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀. Ó ní irin náà ló ti tẹ̀. Ó jù ú nù, ó gé èyí tó nípọn jù ú lọ, ó tún wáyà nà, ó fi nọ́ọ̀tì méjì há a mọ́ ara wọn, ó sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí ojúkò wọn. Ó da ọ́ìlì tuntun sí i. Kò gba ara rẹ̀ láyè láti ṣàwáwí.

Nígbà tí ọkọ̀ náà tún padà wá, ọ́ìlì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irin kò tẹ̀. Àmì ọ̀dà ló ti já sí méjì: nọ́ọ̀tì ti yí. Nọ́ọ̀tì méjì tó há mọ́ra wọn kì í ṣàdéédéé yí. Ó tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ó wá rí ìlà kan lára wáyà, tín-ín-rín, ó gún régé, ó jẹ́ àwọ̀ búlúù. Ó fi àkísà funfun nù ún. Àkísà náà gba ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì.

Ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó gba ìsọ̀ télọ̀ lọ.

Télọ̀ wà nídìí máṣíìnì, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ olórí kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìyá Sípánà!" Ó ń ti àárín abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. "Aṣọ ọ̀rá yìí náà lo tún wọ̀ wá? Má fara kan funfun tó wà níbẹ̀ yẹn o. Oníkálukú ló ní ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ bà jẹ́, tèmi kọ́ lo máa bà jẹ́."

"Ẹnu yín gbà á." Ó tẹ́ àkísà náà sórí tábìlì. "Ẹ bá mi wo àwọ̀ yìí. Ta ló ní irú ṣọ́ọ̀kì yìí ládùúgbò?"

Télọ̀ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tán.

"Mo wọ̀n ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò kàn ṣe é bákan ṣá."

"Ẹ wọn kí ni?"

"Wáyà yẹn. Ó fún jù. Àbí iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe? Aṣọ tí kò bá ní àyè, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti jókòó, fàáà ló máa ya. Mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kò tó ìbú ìka."

"Jíàbọ́ọ̀sì kì í jókòó, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ."

"Inú ò bí mi." Ẹ̀gbọ́n ni, kò lè gbóhùn sókè sí i. "Ìbéèrè ni mò ń bi yín. Kí ni wáyà ṣe fún yín?"

Télọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Nítorí Màámi ni. Bí o bá ti tún un ṣe tán, ṣé o mọ bó ṣe máa ń pààrọ̀ jíà? Gbì! Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Màámi á lọ sí ilẹ̀kùn, á dì í mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tì sí kòtò. Kò ní sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ni Màámi sọ fún wa rí pé nǹkan ń dun òun? Eyín tó ń ro ó nígbà kan, ṣebí ìgbà tó yọ ọ́ tán la tó gbọ́. Látìgbà tí mo ti dẹ wáyà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń wà lórí itan rẹ̀ jẹ́ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Jíàbọ́ọ̀sì ò gbọ́ òwe. Èyí tí ẹ fẹ̀sọ̀ mú yẹn gan-an ló ń jóná."

Ó ṣàlàyé fún un: bí wáyà ṣe ń ròyìn, bí jíà ṣe ń yọ̀, ohun tí òórùn ọ́ìlì túmọ̀ sí. Kò fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Ó ti to ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ télọ̀ ṣì wà lórí pẹ́dà máṣíìnì, tí kò sì lè tẹ̀ ẹ́, ó gbé ìyókù mì.

"Ṣé ó ti kú?" ni télọ̀ bi í.

"Kò tíì kú. Ara rẹ̀ ni kò yá." Ó ká àkísà náà. "Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé Màámi lọ, èmi náà máa bá yín lọ. Màá nà án bó ṣe yẹ, màá jókòó sẹ́yìn, màá wo ọwọ́ náà. Bí ó bá ń ni ín lára, màá wá nǹkan ṣe sí ìjókòó, sí rọ́bà tó gbé jíàbọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n wáyà, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Bí gbogbo ìyẹn ò bá wá ràn án ńkọ́? Ṣé ká máa gbé Màámi gbá mọ́lẹ̀ bí àpò ni?"

Ìyá Sípánà ti àkísà bọ àpò, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, níwájú ilé, ó ti da ọ́ìlì tuntun sí i, ó wá ku ẹni tó máa tẹ tọ́tù kan ilẹ̀ kó lè na wáyà. Màámi ti jáde tòun ti báàgì rẹ̀. Ó gba ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó bá ní ṣíṣí wọlé, ó jókòó. Ibi ìjókòó awakọ̀ ni.

"Màámi, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti gba ipò, ẹ bá mi tẹ èyí tó wà lápá ọ̀tún."

"Ẹ fẹ́ kí n wakọ̀? Ojú ti fọ́, ẹ tún fẹ́ kí ẹsẹ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n."

"Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́ o. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀."

Màámi tẹ̀ ẹ́. "Ó ti dé ilẹ̀. Bí ó bá tún kù, títì ni mo máa tẹ̀."

Ìyá Sípánà yí nọ́ọ̀tì títí wáyà fi dúró gbọn-in, láìsí àyè kankan, ó sì há a.

"Kí lẹ ń ṣe sí i gan-an?" ni Màámi bèèrè.

"À ń dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Màámi tún báàgì rẹ̀ gbé lé itan. "Ó dáa," ló wí. Télọ̀ tó dúró tì wọ́n ń wo ògiri.

Wọ́n gbéra. Télọ̀ ń wakọ̀, Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá Sípánà wà lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ọkọ̀ pààrọ̀ jíà, gbì. Ọwọ́ Màámi lọ sí ilẹ̀kùn, ó di irin ìdìmú rẹ̀ mú. Télọ̀ wo àbúrò rẹ̀ nínú dígí: ṣé o rí i? Ó rí i. Ọkọ̀ tún pààrọ̀ jíà, ọwọ́ náà tún le sí i. Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó wá ń wọ́ lọ bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Kí lò ń lọ́ra sí níwájú ilé ìtẹ̀wé?" ni Màámi wí. "Ṣé ọkọ̀ pọ̀ lọ́nà ni?"

Ilé ìtẹ̀wé wà lápá ọ̀tún wọn lóòótọ́. Wọn kò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ kan kò dún níbẹ̀.

"Màámi," ni Ìyá Sípánà wí, "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ la wà?"

"Ọkọ̀ ló sọ fún mi. Tó bá kúrò nílé-ìwé, á pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá kan ilé ìtẹ̀wé, á tún pààrọ̀. Lẹ́sẹ̀ òkè, á fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó gùn ún. Inú irin yìí ló máa ń gbà wá sí àtẹ́lẹwọ́ mi."

Télọ̀ wo ọwọ́ náà lórí irin. Ó ní, "Mo rò pé ó ń dùn yín ni. Mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó lè rọ̀ yín lára."

"Ìwọ ni?" Màámi yíjú sí i. "Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, ojú ti lọ, ọwọ́ náà ti ń tẹ̀ lé e. Ni mo bá gbé e lé itan, mo jókòó bí àpò sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní ẹni a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Irọ́ ni wọ́n pa. Ó jìn."

"Ẹ ò sì sọ fún wa," ni télọ̀ wí.

"Kí n sọ fún yín, kí ẹ ní n má jáde mọ́?"

Télọ̀ fi etí téèpù ọrùn rẹ̀ nu ojú. Àwọn tó ń kọjá lè rò pé òógùn ni.

"Tẹ̀ ẹ́, télọ̀," ni Màámi wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ń retí."

Ó tẹ̀ ẹ́. "Ẹsẹ̀ òkè," ni Màámi wí, nígbà tí ọkọ̀ fà sẹ́yìn, tó sì gbá òkè náà mú. Kò fi ariwo ṣòfò bíi ti àwọn ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Láàárín òkè, ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jíà yọ̀ díẹ̀, ó tún dì mú. Ìyá Sípánà tẹ̀ síwájú gbọ́ ọ. Ohun tó ti jóná nínú rẹ̀ kò ní padà sípò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ. Èyí tó kù ni wọ́n máa tọ́jú.

Níwájú géètì, ọkọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ sí jíà àkọ́kọ́. Kí télọ̀ tó pa ẹ́ńjìnnì, Màámi ti fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

"Ẹ pẹ́ lónìí!" Ìyá Àgbà ló ké láti ojú fèrèsé.

"Ọmọ yín ló sọ mí di ẹyin!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín wọlé. Ìyá Sípánà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì yọ, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ti rí?" ni télọ̀ bi í.

"Ó ń rùn díẹ̀. Kò burú tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ."

Télọ̀ tọwọ́ bọ àpò, ó mú ṣọ́ọ̀kì búlúù náà jáde, ó nà án sí i. "Gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ẹ máa fi ránṣọ, ẹ̀gbọ́n mi." Ó nu ọwọ́, ó sì fa ọrùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Kọ́là yìí ń fún mi lọ́rùn. Òun ni kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ fún."