Ìyálé Mi Tó Ní Ìwo Idẹ

Lóru àná mo lá àlá kan, ẹ̀yin ọmọ mi, pé ọjọ́ tí ìròyìn bàbá yín dé tún padà wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni. Mo ń ṣa ẹ̀wà nínú pálọ̀ bí mo ti ń ṣà á níjọ́sí, Alàgbà Láoṣebíkan sì wọlé. Ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó kọjá lára mi, ó ṣí fìlà níwájú gramafóònù bàbá yín, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọkọ yín ti lọ sinmi."

Gramafóònù rọ ìwo idẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó sunkún díẹ̀. Mo bu omi fún Alàgbà, nítorí àlejò ni, mo wá ní, "Alàgbà, èmi ni ìyàwó."

"A mọ̀, ìyàwó," ni ó wí. "Ìyálé la kọ́kọ́ ń kí."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdún méjìdínlógójì ni mo fi jowú ẹ̀rọ yìí. Ní gbogbo ìdájí Sátidé, bàbá yín a dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìwo rẹ̀ títí yóò fi máa dán, a kán òróró sí i nínú, a fi síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́ nù ún, a sì máa bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èmi a wà lórí bẹ́ẹ̀dì, n ó máa na etí. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí. Ó bẹ̀ mí títí kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń nù ún. Mo ní ọwọ́ mi kò ní kàn án.

"Kúnlẹ̀ kí mi," ni gramafóònù wí.

"Pásítọ̀ tó so wá pọ̀ ní ọkọ kan, aya kan."

"Ta ló kọrin tí ẹ jó nígbà tí ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé?"

Mo rí i pé ẹjọ́ ni yóò parí rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ọ́fíìsì kan sì ń léfòó lókè kànga ilé-ìwé míṣọ́n. Mo bọ́ sínú korobá, okùn fà mí gòkè. Gramafóònù ti jókòó síbẹ̀. Ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ mi, ó sì yẹ ẹ́ jù mí lọ.

Akọ̀wé kan tó wọ táì béèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ wọ ilé ọkùnrin yìí?"

"Oṣù Kejìlá ni mo wọlé," ni mo wí.

"Èmi ti wà níbẹ̀ láti Ọdún Àjíǹde tó ṣáájú rẹ̀," ni gramafóònù wí.

Bí akọ̀wé ti ń kọ ọ́ ni etí rẹ̀ ń gùn. Nígbà tí yóò fi dé òpin ìlà, ó ti di òbúkọ. Ènìyàn kì í sọ irú ohun bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gba ìwé ìgbéyàwó mi, ó jẹ ẹ́.

"Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó, sà?"

"Ó tó. Gramafóònù ni ìyálé. Ẹjọ́ parí."

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ gramafóònù. "Máa mú ipò ìyálé lọ. Ohùn ọkọ wa ni kí o fún mi. Oṣù mẹ́jọ nìyí, n kò rántí bí ó ṣe ń pè mí mọ́. Ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀ ní ìdájí. Kí ló máa ń sọ?"

Gramafóònù wúkọ́, eruku jáde. "Kò sí ẹni tó nù mí láti ìgbà tó ti lọ," ni ó wí. "Ó máa ń sọ pé, 'Rọra o. Má dún. Àwẹ̀ró mi ń sùn.'"

Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè mí ní Àwẹ̀ró.

"Tún un wí."

"Kúnlẹ̀ ná."

Mo ti tẹ orúnkún kan nígbà tí akọ̀wé ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Mo sì jí.

Òbúkọ Ìyá Dúrósinmí, aládùúgbò wa, ló ń ké lójú fèrèsé. Síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá yín ṣì wà lórí ìṣó níbẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ, òbúkọ sì ti jẹ etí rẹ̀ kan. Mo já a gbà. Èyí tó kù tó ọwọ́ dì mú.

Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo bu eérú láàrò. Mo fọ ìwo náà títí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo kán òróró sí i. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ṣì ń sùn, nítorí náà mo rọra ṣe é, n kò jẹ́ kó dún. Ó wá ku eruku abẹ́ àpótí rẹ̀, ibi tí ẹni tó bá dúró kò lè rí.

Mo ká ìró mi sókè díẹ̀, mo kúnlẹ̀.