Bóòtù Kọ̀ọ̀kan Nínú Ihò Rẹ̀

Ẹni tó bá ní orí bàbá mi ti ń dàrú, ẹ bá mi bi í léèrè bóyá orí tirẹ̀ pé. Ohun tí mò ń sọ kiri nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbé omi kaná, ó gbàgbé rẹ̀ títí ìkòkò fi jó. Ta ni nǹkan ò jóná mọ́ lórí iná rí? Ó jáde lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta, àwọn kan ló fà á lọ́wọ́ padà wálé. Mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé tó wà níbẹ̀ lọ́dà ni, ìyẹn ló ṣì í lọ́nà. Èmi tí mò ń ránṣọ, téèpù á wà lọ́rùn mi, màá máa tú ilé wá a, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá mú mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìlú mìíràn ló ń gbé. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àga ìyá wa tó ti kú, ó ní, "Bàbá, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé lọ́dọ̀ mi. Abẹ́rẹ́ nìkan ò lè máa ṣọ́ yín."

Èmi ni Abẹ́rẹ́. Bàbá ló sọ mí bẹ́ẹ̀, ìdajì nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ìdajì nítorí ẹnu mi.

Bàbá wo ojú fèrèsé. "Ọkọ̀ ìyá rẹ wà lẹ́yìnkùlé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Mi ò lè fi í sílẹ̀ báyẹn kí n máa lọ."

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ yẹn ti kú."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra mi, nínú ọgbà mi níbí, kí n tú inú rẹ̀ wò. Ṣé ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú ló ń yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Tí ẹ bá yọ ọ́ kí n tó padà wá lópin oṣù, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ lílọ lẹ́nu mi mọ́, ilé yín lẹ máa wà. Tí ẹ ò bá rí i yọ, ẹ máa bá mi lọ láìjanpata."

Bàbá gbà. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́.

Bàbá kì í ṣe mẹkáníìkì o. Ilé iṣẹ́ omi ló ti fẹ̀yìn tì, níbi tó ti ń tún àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń fa omi ṣe. Òun a ní ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́. Ọkọ̀ náà pupa, ó kéré, òun ni ìyá wa ń wà lọ síbi tó ti ń gbẹ̀bí fáwọn aboyún. Láràárọ̀, tí ìyá wa bá ti jókòó sínú rẹ̀ tán, Bàbá á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ó yá, máa lọ." Láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ tí kò padà mọ́, abẹ́ òrùlé páànù tó wà lẹ́yìnkùlé ni ọkọ̀ náà wà, táyà rẹ̀ ti jò pẹrẹsẹ.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A yọ bátìrì, a da omi rédíétọ̀ àti ọ́ìlì sínú bàsíà àlòkù. Bàbá ń pàṣẹ, èmi ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Ká ní àwọn oníbàárà mi rí irú ọ́ìlì tó wà léèkánná mi nígbà yẹn, wọn ì bá ti wá kó aṣọ wọn. Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá ní: bóòtù tí a bá yọ, tí ohun tó dì mú bá ti kúrò níbẹ̀, kí a fi ọwọ́ dá a padà sínú ihò rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Bóòtù tó bá sùn síta ló ń sọnù," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Èmi náà mú ọgbọ́n tèmi wá. Wáyà tàbí rọ́bà omi tí a bá yọ, màá so òwú aláwọ̀ kan náà mọ́ ojú méjèèjì, pupa níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún, ká lè mọ èyí tó ń bá èyí lọ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ dá a padà.

Bàbá wò ó títí. "Abẹ́rẹ́, ìyá rẹ ò bí ọ lásán."

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: láìpẹ́, bí mo bá ti wo orí bóòtù báyìí, mo ti mọ sípánà tó máa bá a mu.

Àmọ́ iṣẹ́ náà ò lọ síwájú. Ohun tí a bá tú lónìí, tí a bá dé ibẹ̀ lọ́la, ó ti le gbagidi. Rọ́bà tí mo fi ọwọ́ ara mi yọ ti wà ní àyè rẹ̀. Mo yára mọ ẹni tó ń ṣe é. Bàbá Alájá ni, aládùúgbò wa tí ògiri wa pààlà, ẹni tó ti yọjú rí tó ní kí a jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo gbé àga sídìí ògiri, mo gun orí rẹ̀.

"Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́! Tí ẹ ò bá níṣẹ́, ẹ wẹ ajá yín! Ó ń rùn!"

Bàbá Alájá wo ajá rẹ̀. Ajá rẹ̀ ń wò mí.

"Sọ fún un!" Bàbá wí láti ìsàlẹ̀, inú ń bí òun náà gan-an. "Sọ fún un dáadáa!"

Ìgbà tó ku ọjọ́ kan kí ẹ̀gbọ́n mi dé, mo pinnu pé màá ká a mọ́ ibẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí irin ń dún lẹ́yìnkùlé. Mo mú ìgbálẹ̀, mo yọ́ jáde.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bàbá mi ni, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ó tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. Ó ń wo bóòtù kọ̀ọ̀kan nínú ihò rẹ̀, ó ń fún un, ó ń bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

"Ẹ má bínú," ó wí láìwo ẹ̀yìn. "Ariwo mi ló jí yín. Àwọn kan tú ọkọ̀ ìyàwó mi sílẹ̀, wọn ò dì í padà, ó sì ń lọ síṣẹ́ láàárọ̀ yìí." Ó mú wáyà kan, ó fi ojú rẹ̀ méjèèjì hàn mí. "Ṣùgbọ́n ẹ wo òwú yìí. Pupa sí pupa, búlúù sí búlúù. Ẹni tó so ó, orí ẹ̀ pé."

Mo jókòó sórí táyà àlòkù, mo sunkún. Kì í ṣe àìsàn náà nìkan ló pa mí lẹ́kún. Òwú mi ló ń júwe ọ̀nà fún un.

Lẹ́yìn tó jẹun àárọ̀, ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ó bọ́ síta, ó pariwo, "Abẹ́rẹ́, àwọn olè yìí tún ti wá o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," mo wí. "Ẹ má dá wọn lóhùn."

Mo lọ bẹ Bàbá Alájá. Mo rò pé á tú ajá sí mi. Ó kàn tẹ́tí títí mo fi sọ ọ́ tán, ó ní, "Bí bàbá tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ó sì wọ bàtà rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gòkè kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kí Bàbá tó tún dì í padà. Ọjọ́ yẹn ni a tún tú gbogbo rẹ̀, láti àárọ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Rédíétọ̀ jáde. A tú bóòtù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì. A so ẹ̀rọ ṣéènì tí wọ́n fi ń fa ẹrù wúwo sókè, èyí tí Bàbá Alájá yá wa, mọ́ irin tó gbé òrùlé dúró. Nígbà tó kan bóòtù tí ẹ́ńjìnnì fi jókòó, Bàbá ló tú u fúnra rẹ̀.

"Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Ó tó. Abẹ́rẹ́, yọ orí ẹ! Ẹ tún fà á."

Ẹ́ńjìnnì náà mì, ó sì gbéra. Bàbá gbé ọwọ́ lé ikùn ẹ́ńjìnnì náà. "Ó jáde," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀, mi ò tíì rí i láti ìgbà tí ìyá wa ti kú.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe bá wa. Ó kúrò nílé ní ọjọ́ kan ṣáájú ìgbà tó dá. Ó rí ẹ́ńjìnnì lórí ṣéènì, ó rí Bàbá tí ọ́ìlì kun dé ìgúnpá. Ó rìn yí ẹ́ńjìnnì náà ká.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo ti gbà fún yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ fọ ọwọ́. Mo jó yí ẹ̀gbọ́n mi ká, mo ní kó máa gbé ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ó ní, "Mo ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀ fún wọn o. Ṣùgbọ́n inú mi dùn." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo tún mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún un, nítorí mi ò sọ ohun tí mo rí láàárọ̀ fún un.

Bàbá jáde padà. Ó ti pààrọ̀ ẹ̀wù, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹ́ńjìnnì tó ń mì lórí ṣéènì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lẹ ṣe yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò. "Mẹkáníìkì, ta ló ní kí ẹ yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìyàwó mi? Kí ló máa gbé lọ síṣẹ́ lọ́la?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ…" mo bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó wí. "Àṣìṣe wa ni. A máa dá a padà báyìí."

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó funfun, ó mú sípánà. A rọra sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀. Bóòtù kọ̀ọ̀kan wà nínú ihò rẹ̀, kò sí èyí tó sọnù. Bàbá dúró tì wá, ó ń ṣọ́ wa gẹ́gẹ́ bí oníbàárà tí kò fọkàn tán oníṣẹ́. Èmi ń wá pupa fún pupa, ẹkún ò jẹ́ kí n dá àwọ̀ mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sítáàtì rẹ̀ wò. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ ṣeun, mẹkáníìkì. Ó ti rẹ̀ mí. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi délé."

Ilé wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ń retí kí n jà. Mo lọ mú bàtà náà àti ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Mo wọ̀ wọ́n fún un, mo mú un lọ sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Alájá sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá wo téèpù tó wà lọ́rùn mi. "Aránṣọ ni yín?" ó wí. "Mo ní ọmọ kan tó ń ránṣọ. Abẹ́rẹ́ là ń pè é."

Mo ní, "Ẹ bá mi kí i, sà," mo sì rọra ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.