Ìdájọ́ Tí Delbert Rusk Yí Padà

Kí Delbert Rusk tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ wá ibi tí èrò pọ̀ sí. Verlene Stamper mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe agbẹjọ́rò nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, ní ìlú awakùsà kan láàrin òkè Apaláṣíà ní Amẹ́ríkà. Ìwé òfin tètè máa ń sú Delbert, àmọ́ kì í sú u láti bọ èèyàn lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ti ń din ẹja fún ará ìlú, ẹ ó bá a níbẹ̀, tí òróró ń dán létè rẹ̀, tó ń yin ọmọ ọlọ́mọ. Ìbò sọ ọ́ di agbẹjọ́rò ìjọba, ìbò sọ ọ́ di adájọ́ àgbègbè, ìbò náà ló sì gbé e dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìpínlẹ̀ wọn. Nígbà tí gómìnà yan Verlene síbẹ̀, aṣọ dúdú adájọ́ ti wà lọ́rùn Delbert bí ẹ̀wù ọba lọ́rùn ọ̀bọ.

Ẹjọ́ Oma Tackett ló tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n ní Oma ló dáná sun ilé mọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n gbére. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé wáyà iná tó ti gbó ló fà á. Adájọ́ mẹ́ta, Verlene wà lára wọn, fẹ́ tú u sílẹ̀, mẹ́ta kò fẹ́. Delbert ló kù.

Ó gbá tábìlì. “Obìnrin yìí ò ṣe nǹkan kan! Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé.”

Inú Verlene dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dárí gbogbo rẹ̀ jì í.

Àfi bí ẹnì kan ṣe jáde pé òun á bá Delbert du ipò, tó ti gbọ́ fìnrín ọ̀rọ̀ náà, tó ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀rẹ́ apààyàn ni Delbert. Kò pẹ́ tí Delbert fi yọ́ wọ ọ́fíìsì Verlene.

“Verlene, mo ti tún gbé ẹjọ́ yẹn yẹ̀ wò.”

“Kí lo rí níbẹ̀?”

“Òfin ò fàyè gba ohun tá a fẹ́ ṣe yẹn.”

“Òfin àbí ìbò?”

“Ìwọ náà á jáde du ìbò lọ́jọ́ kan, wàá rí i.”

“Jáde, Delbert. Ojú ń tì mí fún ẹ.”

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ làwọn àgbà ń wí. Ní ti Delbert, ẹ̀sín yá ju kí ipò bọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìdájọ́ tó ní kí Oma ṣì máa wà lẹ́wọ̀n. Ó wọlé ìbò tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá Oma sílẹ̀. Ìjọ rẹ̀ se ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo láti fi kí i káàbọ̀. Verlene ń bu oúnjẹ fún àwọn èèyàn nígbà tí Delbert wọlé pẹ̀lú àwọn oníròyìn lẹ́yìn.

“Arábìnrin mi!” ló ń pariwo, tó na ọwọ́ méjèèjì. “Láti ọjọ́ tí mo ti ka ẹjọ́ rẹ ni mo ti mọ̀ pé o ò jẹ̀bi!”

Oma kò gba ọwọ́ náà. Irun rẹ̀ ti funfun pátá.

“Ẹ ti mọ̀?”

“Nínú ọkàn mi…”

“Ẹ mọ̀, ẹ wá fi mí síbẹ̀? Màmá mi kú, wọn ò jẹ́ kí n lọ sin ín. Ẹ mọ̀?”

Delbert wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára Verlene. “Adájọ́ Stamper, ẹ bá mi ṣàlàyé bí òfin ṣe rí fún un.”

“Ìwọ ni wọ́n bi,” ni Verlene wí. “Dá a lóhùn.”

Delbert rẹ́rìn-ín músẹ́ sáwọn oníròyìn, ó ní wọ́n ń dúró de òun níbòmíì, ó sì bá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde.

Bí ẹ bá rò pé ìyẹn bà á jẹ́, ẹ ò mọ àwọn olùdìbò. Nígbà tí ìbò tún dé, ẹnikẹ́ni kò bá a du ipò, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn adájọ́. Verlene bọ́ aṣọ dúdú sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó padà sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó ń gba ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò lẹ́ni, Oma sì ń bá a wa ọkọ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kiri.